Òwàm̀bẹ̀: ibo la ti rí ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tí ariwo ò ṣe é yọ kúrò nínú ẹ̀?

Tó bá ti di Sátidé ní Ìkòròdú, ẹ ò tíì jáde nílé tẹ́ ẹ ti máa mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, sípíkà ló máa sọ fún yín. Láti Agric lọ dé Ìgbógbó, láti Ìtàmágà wọ Ìjẹ̀dẹ́, ó ṣòro kẹ́ ẹ wa mọ́tò lọ síbi tó jìnnà díẹ̀ kẹ́ ẹ má bá kánópì lójú títì, ìsìnkú ìyá arúgbó níbí, ìsọmọlórúkọ tó ti di pátì lọ́hùn-ún, ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó kàn ń ṣe bọ́ọ̀dé tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá gbé DJ wá, gbogbo ẹ̀ náà la ń pè ní òwàm̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a ò bi ara wa mọ́ pé kí ló ń sọ gan-an. Ìgbò ń pè é, Haúsá ń pè é, àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston náà ń pè é, wọ́n á kàn kọ ọ́ báyìí pé owambe, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀.

Ó di ọ̀rọ̀ tó ń lọ torí pé apá méjì ni òfin ti ń fà á báyìí, ariwo ẹ̀ lápá kan, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ lápá kejì. Àwọn kan ní àṣà wa ni, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn kan ní àṣà kọ́, ìyọlẹ́nu ni, ìgbà wo ni sípíkà di àṣà Yorùbá? Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè dá sí i dáadáa tí ò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, torí ibẹ̀ ni ìdí tí òfin ò fi tíì ràn án wà.

Odidi gbólóhùn ni òwàm̀bẹ̀. "Ó wà ní ibẹ̀." Ẹnu tó ń yára sọ "ní ibẹ̀" di "níbẹ̀", "níbẹ̀" di "ńbẹ̀", ìgbà tí ń yẹn wá kan b, ètè ti pa dé kó tó jáde, ló bá di m. Ohùn orí ẹ̀ náà yí padà bó ṣe máa ń yí tí gbólóhùn bá ti di orúkọ nǹkan. Yorùbá fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé odidi gbólóhùn kí wọ́n fi sọ nǹkan lórúkọ. "Ṣe ká rí mi" di ṣekárími. "Kò ṣe é má ní" di kòṣeémánìí. Ẹ kàn gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá, ẹ ó bá àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ nídìí Kayokayo, ká yó, ká yọ̀, gbólóhùn méjì tó di orúkọ ọdún ìbílẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀, torí ìtàn Kayokayo yẹn ní ariwo tiẹ̀ nínú. Ọba Kòsọ́kọ́ ni wọ́n fi ń rántí, bó ṣe wọ Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Kí ló lé e kúrò l'Ékòó? Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wá dúró sójú ọ̀sà ní December 1851 tí wọ́n ń yin àgbá lu ìlú, tí Kòsọ́kọ́ sì sá, tí wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ wà ní Ẹ̀pẹ́ di 1862 kó tó padà sílé. Ogun yẹn, àwọn ará Èkó ò fi orúkọ Òyìnbó pè é, wọn ò sì fi orúkọ ọba pè é, ìró àgbá yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Agídìngbì. Ẹ sọ ọ́ sókè dáadáa, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń bú. Láti inú ariwo tó lé wọn jáde nílé ni wọ́n ti bọ́ sínú ariwo ká yó ká yọ̀, ìran wọn ṣì ń ṣe é dòní.

Ó yá, ká padà sórí òwàm̀bẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Èyí tí àwọn àgbà sábà máa ń sọ ni pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni. Láyé ọjọ́un, obìnrin tó bá so bèbè mọ́dìí, abẹ́ ìró àti yẹ̀rì ló wà, ẹnikẹ́ni ò lè rí i níta. Tó bá wá jáde síjó, onílù tàbí olórin á máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ṣé ó wà ńbẹ̀, àwọn èrò á dáhùn pé ó wà ńbẹ̀, obìnrin náà á sì gbọn ìdí kó lè ró, kí gbogbo ẹni tó ń ṣiyèméjì lè fetí ara wọn gbọ́ ọ. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yẹn nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń fi yangàn ò ṣe é fojú rí, ìró ẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Tí kò bá ró, kò sí ńbẹ̀.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo pátì tó wà ládùúgbò yín. Ẹni tó wà ní òpópónà kẹta ò rí aṣọ ẹbí, kò rí kúlà ọbẹ̀ ayamáṣe, kò rí ìyá ìyàwó tó so gèlè bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ó ń gbọ́. Ó ń gbọ́ tí olórin ń ka orúkọ ìdílé, tó ń sọ pé ọmọ lágbájá ló dé yìí, tó ń dárúkọ ilé tó kọ́ àti ọmọ tó wà lókè òkun. Tí ẹ bá ní kó pa sípíkà kó kàn máa jẹun jẹ́ẹ́, ẹ ti ní kó máa na owó tẹ́nìkan ò ní gbọ́ nípa ẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ò sì sí nínú àdéhùn.

Kì í ṣe ohun tuntun rárá ní ilẹ̀ wa pé kí ariwo máa sọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, ariwo ní ẹni tó ni ín. Ẹ mú gbẹ̀du. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gbọ́ orin tó dùn lórí fóònù á ní "gbẹ̀du yìí gbóná", orin èyíkéyìí tó bá ti ń gbé èèyàn ní ń jẹ́ gbẹ̀du. Àmọ́ ìlù ńlá ni gbẹ̀du, ìlù tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ìlù ọba àti ti ògbóni ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ibòmíì, kì í ṣe ìlù tẹ́nikẹ́ni kàn lè gbé síta kó máa lù torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó. Ẹni tó bá lù ú láìjẹ́ pé ó tọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ijó, wọ́n á ní ó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ ọba ni. Ẹ wá wo bó ṣe rìn, ìlù tó jẹ́ pé ọba ló ni ín ló wá di orúkọ orin gbogbo ayé, ọmọ ìta náà ní gbẹ̀du tiẹ̀. Fela náà lo ìlù gbẹ̀du nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ láàárín ọdún 1970 síwá, lórí ìtàgé tẹ́nikẹ́ni lè sanwó wọlé wò.

Ní Ìkòròdú níbí, a ṣì ní ariwo kan tó ní ẹni tó ni ín dòní. Tí Orò bá máa jáde, wọ́n á kéde ẹ̀ sílẹ̀, àwọn obìnrin á wà nínú ilé, ọjà á pa, ohùn ẹ̀ á sì máa dún kiri ìlú. Ọ̀rọ̀ ń wà lórí ẹ̀ lọ́dọọdún o, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ obìnrin láti rìn fàlàlà ńkọ́, àwọn tó ní àṣà ìlú ni, mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé kò sẹ́ni tó ń bi Orò pé kí ló dé tó ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń lùlù kiri àdúgbò lóru Ramadan láti jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì. Ajísààrì, wéré, iṣẹ́ ló wà fún ariwo yẹn, ẹni tó bá bínú sí i kò ní jí jẹun. Inú wéré yẹn ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde, orúkọ tó ní òun rí lára pósítà òkè Fuji ti Japan ní pápákọ̀ òfuurufú. Láti orí ká jí wọn jẹ sààrì dórí ká má jẹ́ kí wọ́n sùn rárá, ìrìnàjò kékeré kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ariwo wá kúrò lọ́wọ́ ọba àti awo, ta ló bọ́ sí lọ́wọ́? Ẹni tó bá lówó àti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dé. Jùjú tí wọ́n ń ṣe l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1930 síwá, orin ilé ni, gìtá kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, támbórínì, àwọn èèyàn jókòó yí i ká. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gìtá oníná, máìkì àti sípíkà wọ inú ẹ̀, gángan náà sì wọlé, torí máìkì ti jẹ́ kí ohùn olórin lè borí ìlù. Bí ìlù ṣe ń pọ̀ sí i ni sípíkà ń pọ̀ sí i, ẹgbẹ́ olórin wá kúrò ní èèyàn mẹ́rin ó di èèyàn ogún, orin sì kúrò nínú ilé bọ́ sójú títì.

Owó wá dé lẹ́yìn ẹ̀. January 1, 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni owó epo rọ̀bì ga lágbàáyé, ìgbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó Údójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àfikún owó oṣù pẹ̀lú àjẹmọ́nú ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó dàgbà nígbà yẹn máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àlá, rédíò, firíìjì, mọ́tò, léèsì. Ẹbenẹ́sà Obey àti Sunny Adé ló ń kọrin nígbà yẹn, àwọn orin gígùn tó lè gba odidi ẹ̀gbẹ́ kan lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, tí orúkọ àwọn olówó á máa jáde níkọ̀ọ̀kan. Olówó gbọ́ orúkọ ẹ̀, ó dìde, ó lẹ owó tuntun mọ́ olórin níwájú orí. Òwàm̀bẹ̀ tá a mọ̀ lónìí, bó ṣe rí yìí gan-an, ìgbà yẹn ló gbó.

Ẹ tiẹ̀ wo owó níná yẹn tímọ́tímọ́. Ẹni tó fẹ́ náwó kì í mú owó lẹ́ẹ̀kan lé olórin lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, kíákíá, àtàǹpàkò ló ń fi ti owó jáde látorí ìdì owó, á sì máa jó lọ jó bọ̀ níbẹ̀. Bí owó ṣe ń já bọ́ ni ọmọdé kan tó gbé báàgì dání á máa ṣà á nílẹ̀, onílù á rí i, gángan á sì yí orúkọ padà. Owó tó dún lójú agbo nìyẹn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lè pẹ́ ju orin kan lọ téèyàn bá mọ̀ ọ́n ná.

Ibi tí òfin ti kọ́kọ́ kàn án nìyí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ní ẹni tó bá fọ́n náírà, tó jó lé e lórí tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Àwọn tó máa ń dúró síta gbọ̀ngàn pẹ̀lú ìdì owó tuntun, tí wọ́n ń ta náírà fún náírà, òfin kan náà mú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó kà á sí, àwọn tó ṣe òfin gan-an ń náwó lójú agbo. Àfi ìgbà tó di April 2024 tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Idris Okuneye, Bobrisky tí gbogbo èèyàn mọ̀, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹjọ́ tí EFCC gbé lọ, láìfi owó ìtanràn sí i. Látìgbà yẹn, ẹ ó rí i pé ọ̀nà ti ń pọ̀, àwọn kan ń gbé àpótí síwájú ọlọ́jọ́, àwọn kan ń ju owó sínú báàgì, àwọn kan gba dọ́là lọ torí náírà lòfin yẹn ń sọ. MC wá ń fi ẹnu náwó, "Àlàájì ti fi ogún ẹgbẹ̀rún ránṣẹ́ sí akáǹtì o!", ìgbà tí owó ò lè dún mọ́, wọ́n ní kí máìkì bá a dún.

Ti ariwo ló le jù. Ìlànà tó wà l'Ékòó nípa àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni 55 dẹ́síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) lọ́sàn-án, 45 lóru, LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó wà fún ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń mójú tó o, ìjọba àpapọ̀ náà sì ti ní ìlànà ariwo tiẹ̀ láti 2009. Kẹ́ ẹ lè mọ bí iye yẹn ṣe kéré tó, èèyàn méjì tó jókòó tì ara wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lásán, nǹkan bí 60 ni. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ka òfin yẹn bó ṣe rí, gbígba ìyá yín lálejò lóru fúnra ẹ̀ lè kọjá iye. Sípíkà pátì ńlá wá lè lé ní 100 fún ẹni tó dúró níwájú ẹ̀. Ẹ má rò pé ìyàtọ̀ 60 sí 100 ò tó nǹkan, wọn kì í ka dẹ́síbẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń ka owó, ní gbogbo ìgbà tó bá fi 10 lé, agbára ìró yẹn ti di ìlọ́po mẹ́wàá, torí náà láti 60 dé 100, ìlọ́po 10,000 ni. Etí tó ń gbọ́ 85 lè fara dà á fún wákàtí mẹ́jọ, tó bá ti ń fi mẹ́ta mẹ́ta lé sókè, àkókò yẹn á máa pín sí méjì, ìgbà tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù. Àwọn ọmọdé ló sì máa ń dúró síwájú sípíkà jù, ẹ lọ wò ó, wọ́n á fẹ̀yìn tì í kí báàsì lè máa gbọ̀n wọ́n láyà, àwọn òbí wọn á máa fi fóònù ká wọn.

Àwa tá a sún mọ́ ọ̀sà tún ní tiwa. Lóru, afẹ́fẹ́ tó wà lójú omi máa ń tutù ju èyí tó wà lókè lọ, ìró tó yẹ kó gòkè lọ á wá tẹ̀ padà sílẹ̀, á máa sáré lójú omi lọ. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó wà ní Ìbeṣe tàbí Bàyékù fi lè máa gbọ́ orin tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, tó máa ń rò pé ẹ̀yìn ilé òun ni. Ẹ ò wá lè lọ bá ẹnikẹ́ni jà, torí ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lọ bá.

Kí ló dé tí òfin yìí ò wá mú pátì ojú títì? LASEPA ti ti ilé ìjọsìn, ilé ìgbafẹ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì pa torí ariwo, àwọn wọ̀nyẹn ní ilẹ̀kùn, ní orúkọ, ní ibi téèyàn lè lẹ ìwé mọ́. Kánópì ò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n so ó lálẹ́ Friday, wọ́n tú u lọ́sàn-án Sunday, ìgbà tí ẹnì kan bá fi máa kọ ìwé ẹ̀sùn pé òun ò rí oorun sùn, kí wọ́n tó pín in fún òṣìṣẹ́ tó máa gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo wá, ẹni tó ni sípíkà ti kó wọn lọ sí Ọ̀dọ̀gúnyàn, ẹni tó ṣe pátì ti ń sùn, ìdọ̀tí nìkan ló kù lójú títì.

Wọ́n lè bá àwọn tó ń fi sípíkà háyà wí, ìyẹn á ṣiṣẹ́ ju kí wọ́n máa lé ọlọ́jọ́ kiri lọ, torí ọlọ́jọ́ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, onísípíkà ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gba ìwé àṣẹ, kó mọ̀ pé tó bá ti di aago mẹ́wàá òun gbọ́dọ̀ yọ báàsì kúrò, tó bá kọ̀ wọ́n á gba ẹrù ẹ̀. Báàsì ló ń rìn jìnnà, tó ń wọ ògiri, ohùn olórin kì í dé òpópónà kẹta tó bá jẹ́ òun nìkan. Ọlọ́jọ́ á ṣì gbọ́ orúkọ ẹ̀, àwa náà á rí oorun díẹ̀ sùn.

Àmọ́ èmi ò ní jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ fẹjọ́ sùn, kí n má parọ́. Ilé tó kọjú sí wa ló ṣe tiwọn lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa nínú kúlà, wọ́n ní ká máa bínú, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní December, màmá mi sì ti lọ bá onísípíkà kan náà sọ̀rọ̀.